Fáìlì Tí Ètò Rẹ Kò Rí Lọ́jọ́ Àkọ́kọ́ Ààwẹ̀

Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Sulaimọn, Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní ilé-ìwòsàn àdáni kan ní Ọ̀yọ́ ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. O ní ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ ni èyí tí nọ́ọ̀sì yóò fi máa mọ ìwọ̀n oògùn tó tọ́ sí ọmọdé, bí ọmọ náà bá ṣe wúwo tó. O ya àwòrán ara rẹ pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, o fi ránṣẹ́. Mo wò ó dáadáa. O ti sanra díẹ̀. Mo kí ọ kú oríire.

Mo fi í han bàbá rẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣọpẹ́ fún Ọlọ́run, wọ́n ní kí n kí ọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé orúkọ gbogbo oògùn àti ìwọ̀n wọn yóò wà nínú fáìlì kan tí ètò náà yóò máa kà, mo rántí ọ̀rọ̀ mọ́sáláásí wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní o wà níbi iṣẹ́, wàá ní wàá pè mí padà, ọ̀rọ̀ á sì tún parí síbẹ̀.

Ìyá mìíràn tó bá ń kọ irú lẹ́tà yìí, àṣìṣe ìgbà èwe tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà fún ọmọ kó tó gbà á nímọ̀ràn. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tìrẹ la ó jọ kà lónìí, nítorí mi ò tíì gbọ́ kí o fi ẹnu ara rẹ kà á rí.

Bàbá rẹ ni lèmọ́ọ̀mù mọ́sáláásí àdúgbò wa nígbà náà. Lọ́dọọdún, kí oṣù Ràmàdáànì tó wọlé, wọ́n máa ń jókòó ṣírò àsìkò tí a ó dáwọ́ sààrì dúró àti àsìkò tí a ó ṣínu. Mùsílíù télọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé mọ́sáláásí, yóò lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò sì pín in fún jámáà àti àwọn mọ́sáláásí kéékèèké tó wà láyìíká Ọjà Igbó. Ìwọ lo ní kí bàbá rẹ sinmi. O ní kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó mu omi tán. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kí wọn lójú ọ̀nà, pé ọmọ àwọn ń bá mọ́sáláásí ṣe nǹkan.

Python lo fi kọ ọ́, èyí tí mo kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà mi níbí nígbà tí o ṣì ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀nà méjì lo pín in sí. Apá kan ni ìṣirò. Apá kejì ni fáìlì kékeré kan tí o kọ orúkọ àwọn ìlú sí, ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tí bàbá rẹ ní kí o máa fi kún àsìkò ìṣínu nítorí ìṣọ́ra. Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú fáìlì náà, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo yìn ọ́. Iṣẹ́ tó dára ni.

Ní ọjọ́ tí ò ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ kọ́ṣẹ́, o jókòó ní pálọ̀ wa pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mọ́sáláásí. O ki fúláàṣì rẹ bọ̀ ọ́, o wọ fódà tí o ti kọ ètò náà nínú fúláàṣì yẹn, o fi ètò náà sórí ẹ̀rọ, o sì tẹ àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀. Àsìkò gbogbo oṣù jáde. Bàbá rẹ mú èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣírò wá, wọ́n fi wé e, ó bára mu. O wá sọ fún Mùsílíù pé ibi yòówù kó wà, orúkọ ètò yẹn nìkan ni kó máa tẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo wà. Mo ní kí o yọ fúláàṣì yẹn, kí o kúrò nínú fódà tí o wà, kí o tẹ àṣẹ náà láti ibòmíràn kí gbogbo wa rí i. O ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Màmá, ẹ tún ti ń ṣe bíi tíṣà. Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ lójú yín.”

O yọ fúláàṣì rẹ, o gbé báàgì rẹ, o wọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí ní kí a tẹ ìwé náà ní lẹ́tà ńlá nítorí àwọn àgbàlagbà. Mùsílíù ṣí láptọ́ọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ ohun tí o kọ́ ọ. Àsìkò oṣù náà tún jáde, ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rọ kò ké, kò kìlọ̀, kò sọ pé ohunkóhun sọnù. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Sábó, ó sì pín in. Bàbá rẹ gba tiwọn, wọn ò tún un ṣírò. Wọ́n ní àwọn ti fi wé tàwọn ní pálọ̀, àti pé ọmọ àwọn ló ṣe é.

O ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Láti ìgbà tí a ti kí ìrun Àlàásárì ni òjò ti ṣú. Ojú ọ̀run dúdú tó fi jẹ́ pé iná la tàn sínú mọ́sáláásí. Kò sẹ́ni tó lè rí oòrùn, ìwé ni gbogbo wa ń wò. Nígbà tí àsìkò tó wà lórí ìwé pé, ládàánì pe ìrun. A ṣínu. Èmi àti àwọn obìnrin yòókù jẹ dàbínù lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a mu omi, bàbá rẹ síwájú wa, a kírun Màgàríbì. Ìgbà tí a jáde ni a rí i pé afẹ́fẹ́ ti gbá òjò náà sí apá kan, ojú ọ̀run sì ti là ní ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn wà níbẹ̀, Àkànní. Ó pọ́n, ó tóbi, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ títì láàárín ilé méjì. Kò tíì wọ̀.

Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa tu dàbínù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jù sẹ́nu sọ́wọ́, ó dúró ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ìpè ìrun láti àwọn mọ́sáláásí tí kì í lo ìwé wa. Bàbá rẹ dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní a ti ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ọjọ́ yẹn kò sí lára ààwẹ̀ wa, a ó san án padà lẹ́yìn oṣù. Ìrun tí a kí náà, a ó tún un kí. A padà wọlé. Wọ́n tún síwájú wa, a kí i.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ pe ìpàdé. Bàbá Àdínì, olórí ìgbìmọ̀, ní kí wọ́n pe ọmọ tó ṣe ètò náà kó wá ṣàlàyé. Bàbá rẹ pè ọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. O kí wọn dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọ. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O wá ní:

“Ètò yẹn ò ní àléébù kankan, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹni tó lò ó ni ò lò ó bó ṣe yẹ.”

Mùsílíù jókòó níbẹ̀. O mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀. O mọ̀ pé ó jù ọ́ lọ bí ẹ̀gbọ́n àgbà, àti pé òun ló rán aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí o jáde ilé-ìwé. Ó fà sún mọ́ fóònù.

“Ohun tí o ní kí n tẹ̀ ni mo tẹ̀, Sulaimọn.”

O ní wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́, fóònù sì kú.

Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ Mùsílíù níbi ìjókòó yẹn. Bàbá rẹ, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúrò nípò lèmọ́ọ̀mù. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn làwọn mú ètò náà wọ mọ́sáláásí, àwọn ò sì lè dúró níwájú àwọn tí ààwẹ̀ wọn bàjẹ́. Wọn ò dárúkọ rẹ. Láti ìgbà náà, sáfù, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ni wọ́n ń kírun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àwọn èèyàn.

Aṣọ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni Mùsílíù fi ń rówó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá kó aṣọ wọn láìrán. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń ká léèsì rẹ̀ padà sínú ọ̀rá. Ó ní ẹni tó lè mú kí odidi àdúgbò jẹun lójú oòrùn, òun ò mọ bí yóò ṣe wọn apá aṣọ òun. Mùsílíù bá a mú ẹnu ọ̀rá náà dání kó lè kó o tán. Kí ọdún tó yípo, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù Ọjà Igbó sílẹ̀. Ó lọ háyà ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Sábó, níbi tí àwọn èèyàn kò ti mọ ìtàn rẹ̀.

Mo ní kó gbé láptọ́ọ̀pù náà wá fún mi. Ohun tí mo rí nìyí, kí o sì kà á bí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ilé-ìwòsàn.

O kàn kọ orúkọ fáìlì ìlú náà lásán sínú ètò rẹ. Orúkọ lásán bẹ́ẹ̀, inú fódà tí ẹni tó tẹ àṣẹ bá wà lásìkò yẹn ni Python yóò ti wá a. Ní pálọ̀ wa, inú fódà iṣẹ́ rẹ lo wà, fáìlì sì wà níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Mùsílíù, fódà mìíràn ló wà. Mo wá fáìlì náà lọ síbi tí àṣẹ wà, nínú fódà bin. Kò sí níbẹ̀. Mo wá a lọ síbi tí ètò rẹ gan-an wà, nínú site-packages, fódà tí Python ń kó ètò tí a bá fi sórí ẹ̀rọ sí. Kò sí níbẹ̀ náà. Nígbà tí o di ètò náà pọ̀ ní páákéèjì kí o tó fi í sórí ẹ̀rọ, kìkì àwọn fáìlì Python lo dì. Èyí tí ètò náà ń kà ṣì wà nínú fúláàṣì, fúláàṣì sì wà lọ́dọ̀ rẹ ní Ọ̀yọ́.

Èyí tó burú jù ni ìlà kan tí o kọ sí ìsàlẹ̀, pé bí ètò náà kò bá rí fáìlì, kó lo Àbújá. Àbújá, tí oòrùn rẹ̀ ń wọ̀ ṣáájú tiwa. Kò sí ìṣẹ́jú ìṣọ́ra bàbá rẹ nínú rẹ̀. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Àbújá lòun ń lò.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìlà kan fún ilé-ìwòsàn yẹn, gbọ́ mi. Fáìlì tí ètò rẹ kò lè ṣe láìsí, inú páákéèjì ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáìlì Python rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú pyproject.toml, ìwé tó ń sọ ohun tí yóò wọ páákéèjì, pé kí wọ́n kó o mọ́ wọn. Bí o bá dì í tán, tú u wò. Kí o fi ojú ara rẹ rí fáìlì oògùn náà nínú ẹrù kí ẹrù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Má fi orúkọ lásán pè é mọ́ láé. Má sì tẹ̀lé ọ̀nà ibi tí àṣẹ wà, nítorí àṣẹ tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ wà ní fódà tirẹ̀, páákéèjì rẹ wà ní fódà tirẹ̀. Python ló mọ ibi tí òun kó páákéèjì sí, òun ni kí o bi. Iṣẹ́ tí importlib.resources wà fún nìyẹn: o dárúkọ páákéèjì rẹ fún files, o dárúkọ fáìlì tí o fẹ́, ó bá ọ gbé e wá, ibi yòówù kí nọ́ọ̀sì wà lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn láti máa lo __file__, kí ètò fúnra rẹ̀ máa sọ ibi tó wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá di páákéèjì rẹ sínú fáìlì síìpù kan ṣoṣo, yóò já ọ kulẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà bá fẹ́ máa yí padà fúnra wọn, má jẹ́ kí wọ́n lọ yí i nínú páákéèjì. Lọ́jọ́ tí o bá gbé ètò tuntun dé, gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yóò pa rẹ́. Ya fáìlì tiwọn sọ́tọ̀ sínú fódà ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà.

Bí fáìlì bá sọnù, kí ètò rẹ dúró, kó sì sọ fáìlì tó ń wá àti ibi tó ti wá a. Nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ bá sọ fún pé òun kò rí ìwọ̀n oògùn yóò lọ bi dókítà. Èyí tí ẹ̀rọ bá fún ní ìwọ̀n tí kì í ṣe ti ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, yóò fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan tí o bà jẹ́, a ti san án padà. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá gba oògùn àpọ̀jù, kí lo fẹ́ kí ìyá rẹ̀ san padà?

Kí o sì gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí o kò kọ ọ́ lé, kí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ìwọ dúró sẹ́yìn. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe ní pálọ̀ nìyẹn.

Gbogbo èyí, o mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí mo rí àléébù yẹn, inú mi ń dùn, mo pè ọ́, mo rò pé ìròyìn ni mo fẹ́ fún ọ. O jẹ́ kí n ṣàlàyé dé ìdajì.

“Mo ti rí i, Màmá,” lo wí. “Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti rí i. Mo ti tún un ṣe.”

Mo bi ọ́ bóyá o ti sọ fún Mùsílíù.

“Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. Kí ni mo tún ń hú u jáde fún?”

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Pé fáìlì sọnù, mo lè fara dà á. Kò sí ẹni tó ń kọ ètò tí kò fi fáìlì sílẹ̀ sẹ́yìn rí. Ṣùgbọ́n o mọ̀, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń kó aṣọ kúrò lọ́wọ́ Mùsílíù, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. O mọ̀, bàbá rẹ sì ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. O tún ètò ṣe, o fi èèyàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àdínì. Mo fi ibi tí fáìlì yẹ kó wà hàn wọ́n, mo fi ìlà Àbújá hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní: “Àlàájà, bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, jámáà á ní ọkọ yín lẹ̀ ń gbè. Ọmọ yín fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú wa. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu yẹn náà wá tún un sọ.” Mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo lọ sílé. Ààwẹ̀ mìíràn ti dé, ó ti lọ, o ò wá.

Kí o tó wọ ọ́fíìsì tuntun yẹn, wá. Láti Owódé ní Ọ̀yọ́ sí ibí kò jìnnà, o sì mọ̀ ọ́n. Má yà sọ́dọ̀ mi, mi ò ní dáná dè ọ́. Sábó ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o béèrè ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mùsílíù télọ̀. Má sọ pé ètò ló ṣe é, má sì sọ pé o ò mọ̀. Lẹ́yìn náà, dúró di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí o dìde níwájú jámáà lẹ́yìn ìrun, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe èyí, fi iṣẹ́ ilé-ìwòsàn yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ọ. Àṣìṣe yóò wà lọ́jọ́ kan nínú ètò oògùn náà, mo sì ti mọ ohun tí o máa ń ṣe bí o bá rí tìrẹ.

Bàbá rẹ rí mi tí mò ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti dárí jì ọ́, pé ó ti pẹ́. Mo ti kọ ọ́. Mùsílíù kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ ẹ́. Èmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ìgbà tó bá dárí jì ọ́ ni kí o tó wá bi mí ní tèmi.

Ìyá rẹ,
Sìdíkátù.